Ìhà Bàbá Tósìn àti Ọ̀já Ìyàwó Rẹ̀

Láràárọ̀, kí Ọ̀ṣúndáre tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn ní òpópónà Rockey ní Johannesburg, á gbé apá méjèèjì sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọṣọ fún. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ á mú ọ̀já tó fi ń pọn Tósìn ọmọ wọn, á fi di ìhà rẹ̀ pinpin.

"Ṣé ó le tó, Bàbá Tósìn?"

"Fún un sí i. Bó bá le ni ìrora máa ń gbọ́ràn."

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí ìhà ti ń dùn ún. Ó ní àpò gààrí tóun gbé ló fà á. Ó ti fi ìpara ra á títí tí gbogbo ilé wọn ní àdúgbò Bertrams fi ń ta sánsán, àmọ́ kò gbà láti lọ sí kílíníìkì. Olórí kunkun ni, Rẹ̀mílẹ́kún sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Morádéyọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì, wá kí wọn. Ọ̀ṣúndáre fẹ́ bá a ṣàwàdà, ni ikọ́ bá gbà á lẹ́nu. Ó tẹ ìhà mọ́ra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá Tósìn, ìgbà wo nikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Eish, ikọ́ lásán ni. Mo shap, ara mi le. Ó kàn máa ń dun ìhà mi, mo wá ń dá a dúró."

Morádéyọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá Tósìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọ̀já yẹn. Bí a bá di ìhà, èèyàn ò ní lè mí kanlẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì ráyè wọlé. Ó lè pa èèyàn."

Omi bọ́ lójú Rẹ̀mílẹ́kún. "Ṣé èmi ni mo wá ń pa ọkọ mi láràárọ̀?"

"Rárá, mà. Ìfẹ́ lẹ fi so ó. Ẹ fi ìfẹ́ yẹn náà mú wọn dìde, ká jọ lọ báyìí."

Ní kílíníìkì, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n sì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Egungun ìhà kan ló sán, òtútù àyà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn tí yóò lò tán, wọ́n ní kó máa mí kanlẹ̀, kó sì máa gbá ìrọ̀rí mọ́ra bó bá fẹ́ wúkọ́.

Ara rẹ̀ ti ń yá. Rẹ̀mílẹ́kún ní òun ti ń jowú ìrọ̀rí.

Ẹ̀yin ará wa, bí ìrora ìhà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ikọ́, ibà tàbí rírù bá a rìn, ẹ lọ rí dókítà. Bí mímí bá ń nira, tàbí tí àyà ń fún yín mọ́lẹ̀, ẹ má dúró rárá, ẹ sáré lọ. Ẹ má di ìhà ẹnikẹ́ni. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ tú u sílẹ̀ kó mí.