Òróró Ẹja àti Hóró Pupa

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni Ayọ̀kúnlé wá yẹ̀ wò fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgèdè. Apòògùn ni, àdúgbò Fájuyì ní Adó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kàn mí, ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkàn yìí ń sáré o! Ta ló ń lé ọ?"

N kò lè dáhùn. Ilé ni Bàbá ti kọ́ mi níwèé, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, etí ni ọmọ ń lò. Ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnlé ní sùúrù. Oṣù mẹ́ta ló fi ń dá sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì, títí èmi náà fi lanu. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn ẹbí dá ọjọ́ ìdána.

Ní ọjọ́ kan, ó mú òróró ẹja oníhóró wá fún Màmá.

"Ó dára fún ara àgbà, Màmá. Àmọ́ ṣé ẹ ń lo òògùn ìrora kankan? Èyí tó ń mú wíwú wálẹ̀ máa ń họ inú. Bí òróró yìí bá bá a níbẹ̀, tí inú sì ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà lè má tètè dá."

"Èmi kẹ̀? Olúwa ti wo orókún mi sàn! Bi gbogbo ìjọ."

Lóòótọ́ ni Màmá jẹ́rìí, ó tilẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bá a ra hóró pupa tó ń lò fún orókún wíwú náà, mẹ́ta lójúmọ́, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi pamọ́ sí. Ayọ̀kúnlé wojú mi. Mo gbé abọ́, mo wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá bì, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó, mo kó hóró pupa tó kù dà sí ṣáláńgá.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ìgbà tó délé ni Bàbá Adébáyọ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, pe ẹbí jọ.

"Ìwọ apòògùn, ìyàwó wa lo fẹ́ pa!"

Ayọ̀kúnlé wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo fún wọn lóròóró. Ṣùgbọ́n òróró ẹja nìkan kì í sábà ṣe báyìí. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀."

"O ń pe ìyá ìyàwó rẹ ní òpùrọ́?"

Màmá yíjú sí ògiri. Ayọ̀kúnlé yíjú sí mi.

"Olólùfẹ́ mi, sọ̀rọ̀."

Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìdána mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Fájuyì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀, Dùnmínínú. Ojú rẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bèèrè. Ó yẹ kí n gbé òróró mi padà, ìtìjú àna ni kò jẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

"Màá sọ fún wọn lónìí, ọkọ mi."

"Sọ ọ́ nítorí Màmá, kó má tún rà á. Má sọ ọ́ nítorí mi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n pè mí ní apànìyàn lójú rẹ."

Mo sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú gbogbo wọn. Màmá sunkún. Bàbá Adébáyọ̀ ní kí wọ́n lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kí n dúró sílé.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dárí jì wọ́n, ó sì jókòó ṣàlàyé òògùn inú tí dókítà kọ fún Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò bèèrè mi.