Ìbòmú Tí Téèpù Rán fún Ẹni Tó Sùn

Bí ọkọ Téèpù bá ti sùn, ojú rẹ̀ á fẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà tó bá jí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Okùn ìwọ̀n ni Téèpù fi mọ̀, aránṣọ tó sì ti ń wọn ènìyàn láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ kì í dédé ṣi ìwọ̀n.

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Téèpù, nítorí pé okùn ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nídìí màṣíìnì, ìbáà jẹ́ níbi tó ti ń fọ abọ́. Orúkọ náà mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn kò mọ òmíràn. Búrẹ́dì ni ọkọ náà ń ṣe ní tirẹ̀. Òru ló ń wà nídìí ààrò, ọ̀sán ló ń sùn, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì yọjú sí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ga, ó sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, Téèpù sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Ojú oorun ni àìsàn rẹ̀ ti ń ṣe é. Á máa hanrun bí ẹni ń fi ayùn gé pákó, lójijì á dákẹ́. Èémí á dúró. Téèpù á fi màṣíìnì sílẹ̀, á sáré wọ yàrá, á máa wo àyà rẹ̀ bóyá yóò gbé sókè, títí ọkọ náà á fi mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ọkùnrin yìí kò bá rí èémí gidi lójú oorun, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sùn tí kò ní í jí. Ó wá fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà gígùn kan wá sínú ìbòmú, kí ó máa dè é mọ́ ojú sùn.

Ẹ̀rọ náà kò ní wàhálà, ìbòmú ni kò gbọ́ràn. Wọ́n gba kékeré, ó fún un nímú títí ojú rẹ̀ fi lápá. Wọ́n gba ńlá, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ sá jáde, fùùù, ó ń fẹ́ sí i lẹ́yinjú títí ẹyinjú fi pọ́n. Wọ́n gba èyí tó wà láàárín, òun ló tún burú jù. Lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wọn ojú rẹ̀ tó sì ń kó ìbòmú fún wọn, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ rẹ́gí, nọ́ọ̀sì a sì tún fi ìka yí etí rẹ̀ po láti fi hàn wọ́n pé kò sí àlàfo. Ṣùgbọ́n bó bá ti délé tó sùn, fùùù.

"Téèpù, ṣé ìbòmú ló burú ni àbí ojú mi?"

"Ojú ẹ ò burú. Bó bá burú, ta ló ní kí n fẹ́ ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Téèpù kò dé ikùn. Ó ti ń rí i pé ọkọ òun ń tòògbé lórí ìjókòó, pé ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn ilé tó ti máa ń sáré gùn. Ẹ̀rù ń bà á. Kò fẹ́ di opó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọgbọ́n wọ̀ ọ́ lórí, bó ṣe ń gé ṣòkòtò awakọ̀ kan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ a máa sọ fún wọn pé ẹni tí yóò jókòó lo aṣọ, lórí ìjókòó ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ta ló wá ń wọn ìbòmú oorun fún ẹni tó la ojú sílẹ̀? Inú rẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó jí ọkọ rẹ̀ láti sọ fún un. Ó já okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó yọ́ wọ yàrá.

Ó wọ̀n ọ́n láti àárín ojú dé àgbọ̀n, ó wọ̀n ọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun, ìwọ̀n náà kò yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì. Nígbà tí èémí dúró, ìwọ̀n náà kò tó mọ́. Ojú náà ti fẹ̀ ní ìbú ìka kan, ihò kékeré kan sì wà ní àgbọ̀n tí Téèpù kò rí níbẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ojú náà súnkì, ihò náà parẹ́. Téèpù dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, irun apá rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun mìíràn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹran ara tó bá dùbúlẹ̀ ń tú ni. Ó dúró kí èémí tún dúró, ó wá fi ara balẹ̀ wọn ojú ńlá náà.

Ọjọ́ náà, ṣòkòtò awakọ̀ di ti ọ̀la. Téèpù gé etí ìbòmú ńlá náà kúrò, ó fi fóòmù rírọ̀ yí i po, ó fi aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́ bò ó, ó rán ìlásíìkì tuntun mọ́ ọn dípò okùn rẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń fi ẹsẹ̀ lu màṣíìnì. Nígbà tó dè é mọ́ ẹni tó sùn náà lójú tó tan ẹ̀rọ, kò gbọ́ fùùù kankan. Àyà ń lọ, àyà ń bọ̀, wẹ́rẹ́. Kò sí híhanrun, èémí kò sì dúró. Téèpù jó jáde nínú yàrá lórí ìka ẹsẹ̀, kó má bàa jí i.

Ọkọ rẹ̀ jí nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, o ṣeun."

Téèpù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ ló ń pe ènìyàn ní ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ, mọ̀lẹ́bí ọkọ. Ọkọ kì í pe aya rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó wa? Ìwọ àti ta ni?"

 Ó fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi omi náà sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e mì. Nígbà tó fi wẹ̀ tán, ó ti padà di ẹni tó máa ń jẹ́, ó ń pe Téèpù, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ilé wọn wá dùn bí ilé ọkọ ìyàwó. Oníbúrẹ́dì kò tòògbé mọ́, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn, àárẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá jí, inú rẹ̀ á dùn sí ohun tí ẹlòmíràn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì: á ṣí fèrèsé, á fi imú fa atẹ́gùn, á gbọ́ òórùn ọṣẹ, á wo òjò. Téèpù náà ń kun àtíkè. Kìkì pé wákàtí ìyàwó wa yẹn ń gùn sí i ni. Ó kọ́kọ́ ń tán kó tó wẹ̀, ó wá di pé ó ń bá a wọ ilé ìwẹ̀, ó ń bá a dé ìdí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan ó wọṣọ iṣẹ́ tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bi í pé, "Ìyàwó wa, ọ̀nà ibi iṣẹ́ dà?" Téèpù nawọ́ sí i. Lẹ́yìn tó lọ tán, Téèpù bá ara rẹ̀ níbi tó ti rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé ara ọmọ òun ti yá, ó wá bá wọn yọ̀. Ọ̀sán ló dé, ọmọ ń sùn. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní kí òun ṣáà yọjú wò ó. Ó yọjú, kò sì lè mú orí padà sẹ́yìn mọ́.

"Ta ló ń sùn yẹn?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Èwo nínú wọn?"

 Ọmọ kan ṣoṣo ni Téèpù mọ̀ pé ìyá yìí bí. Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló tẹjú mọ́.

"Ìbejì ni mo bí. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ké. Èyí tó gbẹ̀yìn kò mí. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kò mí. Wọ́n gbé e fún mi pé kí n wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Ihò wà ní àgbọ̀n rẹ̀. A ò sọ fún èyí tó kù, bàbá wọn ní ká má di ẹrù lé ọmọ lórí."

Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Òun ló rán àbúrò síwájú pé kó lọ wo ayé wá, tí òun sì dúró dè é lẹ́yìn. Ó dúró pẹ́ jù ni. Gbogbo rẹ̀ wá yé Téèpù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbàkúùgbà tí èémí ọkọ òun bá dúró, ẹni tí kò ní èémí ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò lè pẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, nítorí kò rí ohun tí yóò fi mí. Òun Téèpù, pẹ̀lú orin lẹ́nu, ló wọn ojú rẹ̀, tó gé ìbòmú, tó sì rán an fún un.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ mi dà?"

Ojú kò là. Ohùn jáde láti inú ìbòmú, ó rọra bí ẹni tí kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ó wà níbí, ìyàwó wa. Ó sé èémí rẹ̀, ó ń dúró dè mí."

Téèpù nawọ́ sí ìbòmú. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì rọrùn láti gbà á lọ́wọ́ arúgbó náà.

"Fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn."

"Màmá, ọkọ mi ò mí."

"Èyí náà ò mí rí."

 Téèpù kò lè bínú sí i, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó rántí fùùù ìjọ́sí, ìbòmú tí kò bójú mu tó ń tú atẹ́gùn dànù. Ó rántí pé bí ọkọ òun ṣe ń kérora tó nígbà náà, ó ń jí, ó ń pe òun ní Téèpù. Ó bọ ìka kan sábẹ́ ìlásíìkì, ó tú u díẹ̀.

Fùùù.

Ó gbé etí sún mọ́ ọn. Lábẹ́ fùùù náà, lókèèrè réré, ó gbọ́ ẹni tó ń hanrun bí ayùn.  Atẹ́gùn tí wọ́n ti ń bú pé ó ń ṣòfò látìgbà yìí, ìpín ọkọ òun ni. Ìbòmú tí kò bójú mu ni kò jẹ́ kí ẹnì kankan kú nínú wọn. Kò burú, yóò máa fi àlàfo ìka kan sílẹ̀. Yóò máa pín in fún wọn bí ẹni ń pín aṣọ, kò sí ẹni tí kò ní í kàn. Ó sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀, ìyá náà sì ń mi orí, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Wọ́n jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń gbọ́ fùùù bí ẹni ń gbọ́ orin.

Nígbà náà ni ọwọ́ òsì ẹni tó sùn gbéra lórí aṣọ ìbora. Kò kánjú. Ó gun àyà, ó gun ọrùn, ó dé ìdí ìlásíìkì, ó sì fà á le, bí ẹni ń tún fìlà ara rẹ̀ ṣe. Fùùù dáwọ́ dúró. Ayùn náà dákẹ́.

Téèpù wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà kò wò ó padà.

"Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú," ló wí, ó sì di ọwọ́ òsì náà mú sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Àlùmọ́gàjí wà nínú àpò aṣọ Téèpù, níbi tó máa ń wà. Kò rántí pé òun yọ ọ́. Ìró ìlásíìkì tó já nìkan ló gbọ́. Rọ́bà ẹ̀rọ náà fò sókè, ìbòmú yí sórí àgbọ̀n, atẹ́gùn ń fẹ́ kiri inú yàrá, ó ń mi kọ́tìnnì. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí nínú omi.

Ojú rẹ̀ là. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Téèpù. Téèpù fẹ́ wo àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòmú ló bò ó. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó sé èémí tirẹ̀ náà, ó ń retí orúkọ tí yóò fi pe òun.