Ẹlẹ́nu-Iná Lórí Afárá

Iná ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí, kò rí ẹni tó gbé e. Iná funfun kékeré kan ń bọ̀ lórí afárá ní ìrọ̀lẹ́, bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣú lọ. Kò sí nílẹ̀, kò sí lókè. Ibi tí orí ènìyàn máa ń wà gẹ́lẹ́ ló wà, ó sì ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń mirí pé rárá, má kọjá. Ọkàn rẹ̀ já. Ó fẹ̀yìn ti irin afárá, ó gbá àpò aṣọ tó gbé mọ́ àyà.

"Ta nìyẹn?"

"Hùn-ùn!" ni iná náà dáhùn.

Bíréèkì han gooro. Táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ló tó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin lásán ni, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó sì feyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ìyẹ̀fun funfun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, nítorí ilé búrẹ́dì tó wà lódìkejì afárá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá lanu, iná á já bọ́ sódò. "Hun hùn-ún hun," ló wí, ó ń tẹrí ba.

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn ni àbí èébú?"

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, itọ́ tẹ̀lé e. "Ẹ̀bẹ̀ ni o. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi tipẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò so ó mọ́ kẹ̀kẹ́?"

"Mo ti fi okùn so ó rí. Ìgbà mìíràn á wo ilẹ̀, ìgbà mìíràn á wo ọ̀run. Ọ̀nà nìkan ni kì í wò. Iná kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sì rèé, owó ọwọ́ mi ò ká a."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tíì tán tí afárá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ̀ akóyanrìn ń bọ̀. Ó gbá ọmọkùnrin náà lápá aṣọ mú, ó fà á mọ́ irin, tòun ti kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ náà kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lù wọ́n lójú, yanrìn ta sí wọn lára.

"Ọkọ̀ ti lọ," ni ọmọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀." Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ náà.

Kò sọ fún un lọ́jọ́ náà pé orí afárá yìí ni bàbá òun kú sí. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá náà ń gùn bọ̀ láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọdẹ lọ́sàn-án, ní irú àkókò yìí, kò ní iná. Awakọ̀ tó gbá a sọkún, ó ń búra pé òun kò rí ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ló sì sọ. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá rẹ̀ á gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ oníbàárà sílẹ̀, á lọ dúró lójú fèrèsé, á máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, bàbá ló rà á fún un. Ara ògiri ló wà láti ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ti ń kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀.

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n kíra. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn, ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó bá a rìn dé òpin afárá. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó ní ẹnu ààrò ló ti ṣèèṣì já bọ́ sápò òun. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu-Iná, òun náà sì sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́?"

"O kéré, o ń dán, o sì máa ń gún ni."

"Àgbàyà! Gbé tọ́ọ̀ṣì ẹ wá, jàre. Mo fẹ́ wọn ìbàdí rẹ̀."

Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn tọ́ọ̀ṣì yípo. Ó wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọkùnrin náà na apá pé kó wọn tòun pẹ̀lú, ọmọbìnrin náà sì fi téèpù gbá a lọ́wọ́.

Àjákù jíǹsì tó le ló fi rán ohun tí yóò di tọ́ọ̀ṣì mú: ó dà bí apá aṣọ kékeré tí tọ́ọ̀ṣì ń wọ̀, pẹ̀lú ìgbànú tó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ po, tó sì ní bọ́tìnì méjì. Ojú rírán rẹ̀ tò bí eyín ọmọdé. Bí ọ̀gá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ, ó fi ààyè ìka méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí aṣọ tí kò bá ráàyè mí, yóò ya. Ọmọkùnrin náà wọ̀ ọ́ fún kẹ̀kẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó gùn ún bọ̀, ó ń pariwo, "Ẹ wò mí o! Ẹnu mi ti bọ́ lóko ẹrú!"

Inú ọmọbìnrin náà dùn. Ẹ̀rù sì bà á pé inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò rọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá wọn nítòsí afárá nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ lórí afárá. Ó gùn, kò fẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ọmọbìnrin náà ti wà lójú ọ̀nà, kò wọ bàtà.

Iná náà ló tún kọ́kọ́ rí. Ìsàlẹ̀ afárá ló wà, nínú koríko tútù, ó kọjú sí òkè, òjò ń já lu ojú rẹ̀, apá jíǹsì sì ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ wá koríko kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù.

"Abẹ́rẹ́." Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn òkúta. "Mo wà níhìn-ín. Má sunkún, àgbọ̀n mi nìkan ló là. Àti ẹsẹ̀ mi... má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́!"

Ìyá gbé fìtílà dé. Àwọn méjèèjì gbé e wọlé. Ìyá fi omi gbígbóná nu ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ tó ti wú. Ọmọkùnrin náà ló ṣàlàyé: òjò ti rin jíǹsì, aṣọ ti dẹ̀, tọ́ọ̀ṣì sì tẹrí ba wo táyà nígbà tí ọkọ̀ yọ níwájú. Kò rí etí ọ̀nà mọ́. Awakọ̀ náà kò sì rí i, àfìgbà tó sún mọ́ ọn pátápátá.

Ìyá gbé apá jíǹsì sí ìmọ́lẹ̀ fìtílà, ó wo ojú rírán rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò béèrè ẹni tó rán an.

"Ọmọ mi," ó wí fún ọmọkùnrin náà, "ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbé ọkọ mi wá bá mi. Aṣọ tí mo lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì rún. Mi ò ní í jẹ́ kí ọmọ mi dúró síbi tí mo dúró sí. Bí ẹsẹ̀ ẹ bá ti jinná, máa kọjá o. Má yà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..." ni ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Má yà."

Kò sì yà. Ìrọ̀lẹ́ dé, ọmọbìnrin náà á gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro lórí afárá, kẹ̀kẹ́ títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ á dé iwájú ilé, á dúró díẹ̀, á lọ. Bí ọkọ̀ bá gba ọ̀nà náà kọjá, àwọn obìnrin méjì ni wọ́n máa ń di èémí mú nínú yàrá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ń díbọ́n bí ẹni tó ń lọ aṣọ.

Ọmọbìnrin náà yẹ apá jíǹsì wò, òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Ó wá ibi tí òwú ti já, kò rí. Ó wá ibi tí bọ́tìnì ti yọ, kò rí. Ó wá ti ìka méjì bọ inú ibi tó fi sílẹ̀ fún mímí. Tọ́ọ̀ṣì kì í mí! Òun ló rán an bí ẹni ń ránṣọ fún ènìyàn. Ọwọ́ òun ló la ọ̀nà fún ikú.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ tọrọ tíúbù tó ti bẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ọ̀já gígùn. Ó gé gìgísẹ̀ sìlípáàsì rọ́bà kan, ó mú ọ̀bẹ tó finá yan, ó gbẹ́ ẹ ní ìsàlẹ̀ kó lè jókòó sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbẹ́ ẹ lókè kí tọ́ọ̀ṣì lè sùn sínú rẹ̀. Ó gbé ọ̀já náà gba abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó mú un kọjá lórí tọ́ọ̀ṣì, ó gbé e kọ́ra, ó fà á títí rọ́bà fi ń ké. Bọ́tìnì ńlá ti kóòtù ló fi dè é. Kò fi ààyè kankan sílẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dán an wò, ó ń gbá a mọ́ tábìlì.

"Ẹni tí mo ní kó má yà mọ́, òun lò ń ránṣọ fún," ni ìyá wí.

"Kì í ṣe aṣọ, Màmá. Aṣọ ni mo fi ṣàṣìṣe."

Ìyá wo ilẹ̀. "Sìlípáàsì ta nìyẹn?"

"...Tiyín ni, Màmá."

"Mo ti ń wá a láti àárọ̀!"

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé e lọ bá ọmọkùnrin náà létí afárá. Ó dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, má gùn ún," ló wí. "Èmi ni mo gbé ẹ ṣubú lọ́jọ́sí."

"Òjò ló gbé mi ṣubú. Ìwọ lo gbé mi dìde."

"Ẹ dúró níbẹ̀."

Ìyá ni. Ó ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ kan nínú sìlípáàsì, ẹsẹ̀ kejì lásán. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú, ó mì í. Kò yẹ̀. Ó gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, ó jù ú mọ́ òkúta. Iná náà kò ṣẹ́jú.

"Ilẹ̀ títẹ́ nìyí," ni ìyá wí. "Ẹnikẹ́ni lè ríran lórí ilẹ̀ títẹ́. Gbé mi kọjá afárá."

"Màmá!" Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ mi kò tíì fi bẹ́ẹ̀..."

"Ẹsẹ̀ tó ń wá ọmọ mi kiri, kò wá lè gbé ìyá rẹ̀?"

Ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń gbé e. Ó dijú. Wọ́n sì lọ.

Ọmọbìnrin náà dúró. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà lórí táyà méjì yẹn. Ó wo iná náà títí afárá fi tẹ̀ kọ́rọ́ sọ́wọ́ ìsàlẹ̀, iná sì wọlẹ̀. Kò pẹ́ tó gbọ́ ọ: ọkọ̀ akóyanrìn, láti òdìkejì. Irin afárá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Fèrè dún. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kò ṣẹ́jú. Ọkọ̀ yọ, ó kọjá lára rẹ̀, eruku bo gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn eruku, òkùnkùn. Kò sí iná.

Kò sí iná.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan.

"Yà fún ihò! Ihò ló wà níwájú ẹ yẹn! Èmi tí mo wà lẹ́yìn rí i, ìwọ tó wà níwájú ò rí i!"

Iná náà sì yọ. Kò mì. Kò wo ilẹ̀, kò wo ọ̀run. Ọ̀nà ló ń wò.

Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó di irin mú. Omijé ti la ipa sínú eruku ojú rẹ̀. "Awakọ̀ náà dúró," ló wí. "Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọn fèrè kí wa, ó ní ká kọjá." Ó mí kanlẹ̀. "Ó rí wa. Ṣé ẹ gbọ́? Ó rí wa."

Ọmọ rẹ̀ gbá a mọ́ra. Ó pẹ́ kí ìyá tó nujú.

"Oòrùn máa ń jẹ rọ́bà," ló wí bó ṣe ń lọ sílé. "Kí ẹ̀yin méjèèjì máa pààrọ̀ ọ̀já yẹn kó tó gbó o."

Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó lọ. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà ní, "Abẹ́rẹ́, ṣé o rántí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé?"

"Ẹnu ẹ ti ṣófo báyìí. Sọ ọ́."

"Ṣé wà á fẹ́ mi?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn lo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o. Ọjọ́ yẹn, 'ẹ yà lọ́nà' ni mo fẹ́ sọ. Ṣé wà á fẹ́ mi, tòní nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí.

"Ó ń ba èmi náà."

"Mà á fẹ́ ẹ. Pẹ̀lú ẹ̀rù náà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin náà bá kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé e kúrò lára ògiri, wọ́n ti nu eruku rẹ̀ nù. Sìlípáàsì kejì wà lórí ìjókòó rẹ̀, wọ́n ti gé gìgísẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹyọ kan ò wúlò fún mi," ni ìyá wí láti ìdí áyọ́ọ̀nù, kò gbójú sókè. "Fi ṣe tìrẹ. Kí ẹ jọ máa ríran."