Ọ̀pá Fọ́láàn Bàbá Bouraïma

Ẹsẹ̀ ni Saïbou kọ́kọ́ rí. Ó na gbalaja sábẹ́ Peugeot 203 kan ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́, epo dúdú ti yí i lójú, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n fi làálì kùn wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Àtàǹpàkò ọ̀kan ń ha eruku jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ẹlẹ́sẹ̀ làálì wí. "Bàbá ní kí n bi yín bóyá ọkọ̀ ti jí."

"Kò tíì jí, ṣùgbọ́n ó ti ń mí."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Saïbou. Kó tó rá jáde wá wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ọdún 1964 ni mò ń wí, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, tí mọ́tò kò pọ̀ ní Àjàṣẹ́, tí a máa ń dá ìró mọ́tò olúkúlùkù mọ̀ kó tó yọ. Ayé dùn nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Salimatou ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Aránṣọ ni, òun nìkan ni Bàbá Bouraïma sì bí. Bàbá yìí fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ fún ìjọba. Ọkọ̀ 203 tirẹ̀ ló fi ń gbé ìyá Salimatou káàkiri, àfìgbà tí obìnrin náà kú. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ní ọdún karùn-ún, ọkàn bàbá fà sí i, ó ní kí Saïbou tún un ṣe.

Ọ̀pá fọ́láàn ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Fọ́láàn ni awakọ̀ ń dì mú láti darí ọkọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ gba inú ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀, irin tí a ń yí wọlé, tí à ń pè ní bùlọ́ọ̀n, ló sì dè é lókè àti nísàlẹ̀. Tí ọ̀pá yìí bá wọ́ pẹ́nrẹ́n, fọ́láàn á máa há. Ẹni méjì ní í tọ́ ọ: ẹnì kan á máa yí fọ́láàn, ẹnì kejì á máa wo ìsàlẹ̀. Saïbou lè pe ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Salimatou, tó ń pè é ní Fòfó bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, ló pè.

"Sí ọwọ́ òsì, Salima. Díẹ̀ sí i. Ó tó."

"Fòfó Saïbou, ẹ ti ní ó tó lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń tún ṣe, àbí ohùn mi lẹ fẹ́ gbọ́?"

"Méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ parí."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn, ilẹ̀ ọkọ̀ sì wà láàárín wọn. Nígbà tí Saïbou wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá Bouraïma, bàbá mi orí.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fa ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún ẹni tó ń fi ẹ̀yìn gbálẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Akọ̀wé ìjọba kan ní Cotonou ti ń béèrè rẹ̀."

Saïbou rò ó pé bí ọkọ̀ bá dé Sèmè-Kpodji láìkọsẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí bàbá fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀, bóyá ọkàn rẹ̀ á yí. Ìkánjú wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé kó dẹ gbogbo bùlọ́ọ̀n sílẹ̀, kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ wá ibi tó máa dùbúlẹ̀ sí, kó wá dè é nísàlẹ̀ kó tó dè é lókè. Ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ òkè ló kọ́kọ́ dè. Nígbà tí ìsàlẹ̀ kò bára mu, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó fi tipátipá tì í wọlé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ọkọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yà nítòsí Sèmè-Kpodji, fọ́láàn há mọ́ Bàbá Bouraïma lọ́wọ́. Ọkọ̀ yà bàrá wọ iyanrìn, ó lọ fi ìmú gún igi àgbọn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ti bá ìyá ẹ lọ, Salima. Èmi ni mi ò gbà. Lọ́la ni màá pe àwọn tó ń ra irin."

Kò fura sí Saïbou rárá. Tí Saïbou bá dákẹ́, orí irin ni ẹ̀bi máa wà. Tó bá sọ̀rọ̀, akọ̀wé Cotonou ló máa gbé Salimatou. Ó wo ọmọbìnrin náà, omi lé ròrò sí Saïbou lójú.

"Bàbá, kì í ṣe ọkọ̀. Ọwọ́ mi ni."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan irin tó fi tì í.

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi," bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Máa lọ."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Àjàṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi rí Salimatou. Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Bouraïma fúnra rẹ̀ yọ sí i.

"Àìmọye mẹkáníìkì ló ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Wọ́n á ní ọ̀nà ni, wọ́n á ní òjò ni. Ìwọ nìkan ló sọ pé ọwọ́ òun ni. Bọ́n, ó dáa, mo ti ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà sílé. Wá wọ abẹ́ rẹ̀. Èmi ni màá yí fọ́láàn lónìí."

Wọ́n dẹ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú kí táyà kọjú síwájú gbọọrọ, wọ́n ka iye ìgbà tí fọ́láàn yí láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, wọ́n sì dá a padà sí ìdajì. Ìsàlẹ̀ ni Saïbou kọ́kọ́ dè. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìka méjì péré ni bàbá fi ń yí i.

"Ta ló kù nínú àwọn àgbà ilé yín?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Sàlámọ̀."

"Kí ló dé tí kò tíì wá kí mi?"

Màmá Sàlámọ̀ wá, tòun ti ẹbí, tòun ti obì. Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń bi ọmọbìnrin lọ́dọ̀ wa bóyá ká gbà á, ọmọ tó bá sì mọ̀wàá hù kì í dáhùn kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kan, Salimatou dákẹ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Òógùn bo Saïbou.

"Salima, mo ti kọ̀ fún akọ̀wé yẹn o. Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á, Bàbá. Ẹ tiẹ̀ ti pẹ́ jù."

Ilé hó yèè. Bàbá Bouraïma gba obì náà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì nu ojú, ó ní eruku ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí eruku kankan nílẹ̀.