Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Alájì Abdulkabir

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, kò sì tíì pẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Agoua lọ sí Bantè lónìí yóò kọjá níbi tó ti ṣẹlẹ̀: ilẹ̀ pupa ni, igbó ìjọba sì wà lápá kan rẹ̀. Ìyá tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò jẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ parọ́.

Marie-Noëlle ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Agoua. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Lionel, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó máa ń kí ewúrẹ́ káàárọ̀ kó tó kí ènìyàn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ara Lionel gbóná láti òwúrọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, gìrì mú un. Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́, ó ní, "Màdáámù, ẹ gbé e lọ sí Savalou. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a níbí." Òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Alùpùpù kankan kò sí nítòsí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ gíga ti Alájì Abdulkabir, ará Nàìjíríà tó ń ta epo ní Bantè. Wassiou, awakọ̀ rẹ̀, bàbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Karimath, ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo sílẹ̀ tán ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ti rí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló máa ń fa. Agbada irin kan wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, òmíràn wà láàrin ti iwájú. Eyín irin inú wọn ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀. Ti ẹ̀yìn nípọn. Ti iwájú kò lágbára. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń yí lófìfo nínú ẹrẹ̀, tó wá ṣàdéédéé kan ilẹ̀ líle, eyín iwájú á kán. Bí ti Alájì ṣe kán nìyẹn. Tairou, mẹkáníìkì kan ní Savalou, kó gbogbo eyín inú rẹ̀ jáde. Ó yọ irin gígùn tó ń gbé agbára lọ síwájú pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn nìkan wà á títí òmíràn yóò fi ti Kútọnu dé. Ọ̀pá kékeré tí awakọ̀ fi ń pe ẹsẹ̀ iwájú síṣẹ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń pè mọ́.

"Ó ti di adìẹ," Wassiou wí, bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún Marie-Noëlle. "Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ẹ gòkè, Màdáámù. Adìẹ náà máa ń délé."

Wọn kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ọkọ̀ rì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí. Ó yí, ó yí, ó gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Wassiou pa ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà yẹn ni Marie-Noëlle gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀lọ́ máa ké. Kò ké. Omi ń kán láti ara ewé sórí ọkọ̀, omi náà kò sì dún. Èémí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ó gbóná, ó ń yára.

Wassiou tún ṣáná sí ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ọ̀pá kékeré yẹn, bó ti máa ń lọ láti ọdún mélòó kan wá. Ó fà á.

Nǹkan kan dún nísàlẹ̀ wọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa eyín dé. Ẹsẹ̀ iwájú mú ilẹ̀. Ọkọ̀ gbéra.

"Ẹ wò ó!" Wassiou ń rẹ́rìn-ín. "Tairou, òpùrọ́! Ó lóun yọ ọ́! Ẹ̀yin ẹ wò ó!"

Marie-Noëlle fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀. Àyà Lionel kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Kò gbọ̀n. Kò jà. Ó kàn dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ dúró! Bàbá Karimath, ẹ dúró!"

Wassiou tẹ bíréèkì, ó ti ọ̀pá padà. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tó yọrí nínú odò.

"Gìrì ni, Màdáámù. Karimath mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó tún fà á. Ẹsẹ̀ iwájú tún mú ilẹ̀. Lionel dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ń dà bí eérú.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

Ó fi í sílẹ̀. Ọmọ mí.

Wọ́n wo ara wọn. Wassiou kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá náà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Ó kù díẹ̀ ká bọ́ sórí ilẹ̀ líle," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí a bá dúró níbí, gìrì náà lè..."

"Mo mọ̀."

Marie-Noëlle rò ó. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ó rò ó. Ó wo ẹrẹ̀ tó kù níwájú, ó ń fojú wọn bó ti gùn tó, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé báwo ni ọmọ ti lè pẹ́ tó láìmí. Lẹ́yìn náà ó tú ìró rẹ̀, ó pọn Lionel, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màdáámù, ọ̀nà jìn o!"

"Ó jìn. Ṣùgbọ́n ó ń mí."

Ó rìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò dúró mú un. Àgbẹ̀ kan tó fi alùpùpù gbé iṣu bá a lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà wo ojú ọmọ. Ó tú iṣu rẹ̀ dà sínú koríko.

"Iṣu ò ní kú," ló wí. "Gòkè."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí wọ́n fi dé Savalou. Dókítà ní ibà ni, wọ́n fi omi sí i lára. Nígbà tí Lionel la ojú, ọ̀rọ̀ kan ló sọ. Ó ní, "Ó wúwo." Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló wúwo. Ó ti sùn padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nílé ìwòsàn, Marie-Noëlle bá Tairou nílé iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin Agoua ló fi okùn fà á jáde nínú ẹrẹ̀. Wassiou kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá. Tairou ti gbé iwájú rẹ̀ sókè lórí jáàkì, ó ti ṣí agbada irin náà.

"Ìyá, ẹ wá fojú ara yín rí i. Èmi kì í ṣe òpùrọ́ tí Wassiou pè mí."

Inú agbada náà ṣófo. Aláǹtakùn ti ta òwú sí i. Ibi tí irin gígùn yẹ kó wà, afẹ́fẹ́ ni.

"Bí mo bá yí ẹsẹ̀ yìí," ni Tairou wí, "èkejì kò gbọdọ̀ mọ̀."

Ó fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì yí.

Òwú aláǹtakùn inú agbada náà kò já. Kò tilẹ̀ mì.

Lionel ń sùn léjìká ìyá rẹ̀. Èémí tó ń fẹ́ sí i lọ́rùn dáwọ́ dúró.

"Fi í sílẹ̀! Tairou, fi í sílẹ̀!"

Tairou ti fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì ń yí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn kò dún. Ọkùnrin náà kó ọwọ́ olóróró méjèèjì lé orí. Nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ọmọ náà húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Marie-Noëlle kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó ẹkún yẹn rí.

Ó lọ sọ́dọ̀ Alájì ní Bantè. Ó kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n má fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n gé ọ̀pá yẹn dànù. Ènìyàn rere ni Alájì. Ó gbé e dìde, ó ní kó má bẹ̀rù, òun yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé kí ó tó tún rí i lọ́jà. Inú Alájì dùn.

"Ìyá Lionel! Mo ti bá yín lé e lọ. Mo tà á fún ọkùnrin kan tó ń lọ sókè lọ́hùn-ún, ibi tó jìnnà réré. Kò lè rí ọmọ yín mọ́."

"Alájì, ta ni ọkùnrin náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Èrò ọ̀nà ni."

"Ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn fún un?"

Alájì wo ilẹ̀. "Bí mo bá sọ fún un, ìyá, ta ni yóò rà á?"

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Lionel ń sáré, ó ń jẹun, ó ń kí ewúrẹ́. Ara ìyá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, rédíò ní òjò ti bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ní Agoua, oòrùn ṣì ń ràn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Lionel sùn sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lójijì, àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Àyà ọmọ náà dúró.

Marie-Noëlle da ẹ̀wà nù. Ó gbé e, ó pè é, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Kò mí. Ibì kan wà lọ́hùn-ún tí ọkọ̀ náà ti há sínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan tó fẹ́ délé ti fa ọ̀pá, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ọkọ̀ ń gbéra. Ènìyàn burúkú kọ́. Kò mọ̀ ni.

Ìyá náà kọjú sápá òkè lọ́hùn-ún, síbi tí òjò wà. Ó ń pariwo sí ẹni tí kò lè gbọ́ ọ.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn!"