Àwọ̀n Tí Kì Í Sinmi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, ó ti pẹ́ kó tó dé. Gbogbo etí ọ̀sà Bàrígà ti pè mí bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún pè mí ní onílara. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló sì kàn án. Mi ò mutí, mi ò sì lá àlá. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnu mi wọ́.

Adéjìmí lorúkọ mi. Àwọ̀n ni mo ń tún ṣe jẹun. Láti etí òkun Ìlàjẹ ni bàbá wa ti kó wa wá sí Bàrígà, èmi àti Japhet àbúrò mi. Òun ló kọ́ wa níṣẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé kókó kan náà ni gbogbo kókó tó wà lára àwọ̀n. Rárá o. Bí ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ kọ ṣe yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ni kókó wa ṣe rí. Ọwọ́ òsì ni bàbá wa ń lò, nítorí náà kókó tirẹ̀ máa ń yí sí òdì. Ti Japhet tún yàtọ̀. Kì í ta á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí ẹ̀rù máa ń bà á pé á tú. Bàbá á gbá a lọ́wọ́, á ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni?" Kò jáwọ́. Títí tó fi gbéyàwó, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ta á.

Ní ọdún 1946, bàbá wa wọ ọkọ̀ lọ sódò. Ọkọ̀ padà. Òun ò padà. A ò rí òkú rẹ̀ títí dòní.

Ìparí ọdún 1957 ni Ràsákì gbé àwọ̀n tuntun yẹn dé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ràsákì, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan. Ọmọlúàbí ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tú àwọ̀n náà sílẹ̀ lórí iyanrìn níwájú wa. Funfun ni. Ó ń dán.

"Náílọ́ọ̀nù ni," ló wí. "Ẹ ò ní rẹ ẹ́ sínú omi èpo igi. Ẹ ò ní sá a sóòrùn. Kì í jẹrà. Kì í gbó."

"Kì í gbó kẹ̀?" Èmi ni mo bi í.

"Kì í gbó, ẹ̀gbọ́n. Láéláé."

Ara mi ò gbà á. Àwọ̀n òwú tiwa, tí à ń rẹ sínú omi èpo igi kó má bàa tètè jẹrà, bó bá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú omi, ó gbọ́dọ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rà. Nítorí náà, láti ọ̀sán Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo àwọ̀n Bàrígà ló máa ń wà lórí igi tí a fi ń sá wọn. Àwọ̀n ń sinmi, àwa náà ń sinmi, à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja náà ń rí àyè bímọ. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Bàbá Mákánjúọlá, olórí ẹgbẹ́ apẹja, ní ká má kánjú. Wọ́n ní ká fi ẹyọ kan dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Japhet ni á máa lò ó. Èmi ni màá máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí màá sì wá sọ fún ìpàdé ohun tó ń ṣe fún omi, fún ẹja, àti fún àwa tí à ń jẹun nídìí àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ á mọ̀ bóyá ká rà á tàbí ká dá a padà.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. "Ẹni tó ń tún àwọ̀n tó gbó ṣe lẹ ní kó wá yẹ àwọ̀n tí kì í gbó wò?"

Inú bí mi. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo búra pé mi ò ní fi abẹ́rẹ́ mi kan àwọ̀n náà, bó ya o, bó já o. Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni. Ìbúra yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Ẹja wọlé lóòótọ́. Sabina, ìyàwó Japhet, ò ríbi kó ẹja sí mọ́ lórí ààrò tó fi ń yan án. Oyún oṣù márùn-ún ló wà níkùn rẹ̀ nígbà náà. Japhet ń sọ fún gbogbo ayé pé kí ọmọ yẹn tó dé, òun á ti ra ọkọ̀ kejì. Inú mi dùn sí i, àbúrò mi ni. Àmọ́ mò ń wo ẹja náà. Wẹẹrẹ ni wọ́n. Àwọn ọmọ ẹja tó yẹ kó bọ́ lójú àwọ̀n tiwa, wọn ò bọ́ nínú eléyìí. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Mọ́ńdè kẹrin ni mo kọ́kọ́ rí nǹkan.

Ọyẹ́ ń fẹ́. Oòrùn ò tíì yọ tán. Gbogbo àwọ̀n tó wà lórí igi ti gbẹ táútáú. Mo gbọ́ ìró kan. Tó. Tó. Tó. Mo dúró. Àwọ̀n Japhet ń kán omi sílẹ̀.

Ẹja èpìyà mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹnu wọn ń là, ó ń pàdé.

Mo wo ilẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí iyanrìn. Mo wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbẹ. Eruku ọyẹ́ ṣì wà lórí àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"O lọ sódò lánàá, lọ́jọ́ Ọlọ́run?"

"Èmi? Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Ẹ̀yin náà rí mi."

"Ta ló wá lọ?"

Ó wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, èmi ló yẹ kí n bi yín."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí i. Òun náà ń fura sí mi. A ṣì jọ ń jẹun o, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú la fi ń wo ara wa.

Gbogbo Mọ́ńdè ló rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ẹni tí kò dàgbà létí ọ̀sà lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀sà kì í dákẹ́. Ẹja á fò sókè, á já padà sínú omi. Ọ̀pọ̀lọ́ á ké. Lékeléke á sọ̀ sórí ẹrẹ̀, wọ́n á máa ṣa nǹkan jẹ. Gbogbo ìyẹn ò sí mọ́. Mo mú òkúta, mo jù ú sómi. Ìró rẹ̀ kéré. Mo ju òmíràn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, àwọ̀n náà há sí kùkùté igi lábẹ́ omi, ó sì ya. Ihò rẹ̀ gba orí èèyàn. Ọjọ́ Sátidé ni. Japhet gbé e kọ́ orí igi bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò yọjú sí i.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ihò ti dí.

Mo sún mọ́ ọn. Mo fi àtàǹpàkò pa kókó kan. Ó yí sí òdì. Mo fọwọ́ pa èkejì. Ó yí sí òdì. Gbogbo wọn pátá. Ọwọ́ bàbá mi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀.

Japhet ti dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ ti tún un ṣe," ló wí. "Ẹ ṣeun o. Àmọ́ ìbúra yín ńkọ́?"

"Japhet, wo kókó yìí dáadáa. Ọwọ́ Bàbá ni."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí Bàbá ṣe ń ta á láyé yìí, Bọ̀ọ̀dá."

Òótọ́ ló sọ. Èmi nìkan ni.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ṣómólú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù gbì, gbì, gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ràsákì. Mo bi í pé ta ló hun àwọ̀n tó gbé wá.

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án."

"Bó bá ya ńkọ́? Òwú wo ni wọ́n fi ń tún un ṣe?"

"Òwú rẹ̀ ò tíì dé ọwọ́ mi. Mo wá a káàkiri Èkó, mi ò rí i. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi ránṣẹ́." Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Ṣé tiyín ti ya ni?"

Mo ní rárá. Mo jáde kíá.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde. Mo ní àwọ̀n yìí ń kó ọmọ ẹja. Mo ní omi ti dákẹ́, kí ẹni tó bá rò pé irọ́ ni lọ dúró létí ọ̀sà kó tẹ́tí. Mo ní àwọn obìnrin tó ń ran òwú, àwọn tó ń bó èpo igi, àti èmi náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, a ò ní ríṣẹ́ ṣe. Mo ní àwọ̀n náà ń lọ sódò fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá Mákánjúọlá ò rẹ́rìn-ín. "Adéjìmí, ṣé ó tún ku ohun tí o fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ kókó yẹn wà lẹ́nu mi. Àmọ́ mo rí ojú Japhet. Bí mo bá dárúkọ ọwọ́ bàbá mi, wọ́n á ní èmi ni mo ta á, wọ́n á ní mo da ìbúra. Mo gbé e mì.

"Kò kù mọ́, Bàbá."

Wọ́n ní kí gbogbo ilé ra àwọ̀n náà.

Japhet tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìpàdé. "Ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́ torí iṣẹ́ yín. Ó dáa. Lọ́la, tí a bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí àwọ̀n mi ni màá jókòó sí. Ẹni tó ń wá mú un, màá rí i."

Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ó yẹ kí n ní ká jọ jókòó. Èmi náà sì fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ inú ti bí mi. Mo ní, "Máa jókòó. Wàá rí i."

Mi ò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà mi. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ó gbé ọwọ́ kan lé àwọ̀n. Oòrùn ń wọ̀. Mo wọlé lọ bu oúnjẹ. Mi ò tíì jẹ òkèlè mẹ́ta tí ọkàn mi fi sọ pé kí n jáde.

Àpótí nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọ̀n ò sí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí iyanrìn, àjẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n gbẹ. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tó lọ sódò.

Gbogbo Bàrígà ló wọ ọkọ̀ láti wá a. A pè é títí ohùn wa fi há. Omi dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Sabina ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tó. Tó. Tó. Àwọ̀n ti padà sórí igi. Ẹja kún inú rẹ̀, wọ́n ń mí. Ibì kan ti ya lára rẹ̀, ó sì ti dí. Mo fọwọ́ pa kókó náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni?" Mo bú sẹ́kún.

Àwọn èèyàn ní omi ló gbé e, bó ṣe gbé bàbá rẹ̀. Wọ́n ṣì ra àwọ̀n náà. Mẹ́rìnlélógójì ló wà létí ọ̀sà wa báyìí. Mo fẹ́ sun ti Japhet. Mo ti gbé kẹrosíìnì dání. Sabina fi ikùn ńlá rẹ̀ dínà mọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún, Bọ̀ọ̀dá. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbúròó ọkọ mi."

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó máa ń mú ọ̀bẹ ẹja, á gé ojú àwọ̀n náà bíi mẹ́fà. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, á wá fọwọ́ pa kókó tó dí ihò náà. Ẹ̀ẹ̀mejì. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á padà sídìí ààrò rẹ̀. Ó ti bímọ báyìí. Obìnrin ni. Ó máa ń pọ̀n ọ́n wá síbẹ̀.

Mọ́ńdè tó kọjá, kò rẹ́rìn-ín. Ó di àwọ̀n náà mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ ọkọ mi."

Mo wò ó. Iṣẹ́ mi ni, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kókó náà ti dẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí kò rí orun sùn ló ta á.

"Wọn ò jẹ́ kó sinmi," ni Sabina wí. "Ìgbà wo ni àwọ̀n yìí máa gbó?"

Mo la ẹnu. Ohun tí Ràsákì sọ fún mi lórí iyanrìn, pé kì í gbó láéláé, wà lẹ́nu mi. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní màá bi Ràsákì.

Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

"Ẹ tètè bi í o," ló wí.