Aṣọ Tí Adùn-ún-gbọ́ Fi Bo Àyà

Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí kò mọ ohun tó pa Adùn-ún-gbọ́ olórin.

“Májèlé ni,” ni obìnrin tó wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ wí, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. “Inú omi tó mu lórí pèpéle ni wọ́n da á sí.”

“Omi kẹ̀?” Èkejì rẹ̀ na fóònù síwájú. “Ẹ wò ó níbí. Atíkè ni. Elégbè rẹ̀ tó máa ń dúró lápá ọ̀tún yẹn ló bù ú fún un. Ẹ ò rí bí ojú ẹ̀ ṣe ń sá kiri?”

“Ojú ẹni tó ń sunkún, ibo lẹ fẹ́ kó dúró sí?” ni ìyá àgbà kan tó ń ṣa bọ́tìnì bi í.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rántí ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì gbé e mì.

“Ẹ má bínú o, Ìyá Aránṣọ,” ni ẹni àkọ́kọ́ wí. “À ń bá yín kẹ́dùn ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó pa àbúrò yín lọ bẹ́ẹ̀.”

Aránṣọ kò gbé orí sókè. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òwú ti já lójú abẹ́rẹ́ tipẹ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni òkú tí wọ́n ń sọ. Ó sì mọ ohun tó pa á.

Òun ló máa ń rán gbogbo aṣọ tí Adùn-ún-gbọ́ fi ń kọrin. Ní ọjọ́ kan tó ń wọn àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì, tó le bí èkùrọ́.

“Kí nìyí?”

“Kò dùn mí,” ni Adùn-ún-gbọ́ wí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí kò bá dunni, ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀. Ẹ kàn bá mi bò ó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àyà mi bí mo bá ń kọrin.”

Aránṣọ bò ó. Ó ṣẹ́ aṣọ po láti èjìká ọ̀tún, ó fà á gba àyà òsì kọjá, ó fi pínnì mú un ní ìhà. Nígbà tí Adùn-ún-gbọ́ gbé e jáde lórí pèpéle, àwọn obìnrin kígbe. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé aránṣọ fi ń rán an, tí wọ́n sì ń pe àrà náà ní Adùn-ún-gbọ́. Bí ọmú náà ṣe ń yí padà ni ìṣẹ́po ń nípọn sí i. Ẹ̀wà ni ayé ń rí. Bí Aránṣọ ṣe ń mọ̀ ọ́n bò tó ni àbúrò rẹ̀ ń rí àyè fi ilé ìwòsàn falẹ̀ tó. Nígbà tó lọ, jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló sọ ohun tí wọn yóò sọ. “Àìsàn ránpẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmú ọmọ wa ṣe ọ̀rọ̀ sọ ni? Ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin ilé wa bí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ?”

Àìsàn ránpẹ́ ni wọ́n sọ. Nítorí pé kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kálukú wá ikú tó wù ú fún olórin náà.

Àwọn oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni Àbíkẹ́yìn wọlé, àbúrò Aránṣọ àti Adùn-ún-gbọ́ tó kéré jù. Ó ń mí hẹlẹ.

“A ti fọ́ fèrèsé ẹ̀!”

“Fèrèsé ta ni?”

“Elégbè yẹn! Èmi àtàwọn olólùfẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ké pé òun kọ́. Ta ni kó jẹ́, iwin?” Ó nu ojú. “Ẹ rán Adùn-ún-gbọ́ fún mi, èyí tí mo máa wọ̀ lọ sin ín. Kí ìṣẹ́po ẹ̀ pọ̀ dáadáa.”

Aránṣọ mú tépù. Ó fi yí àyà àbúrò rẹ̀ ká. Àbíkẹ́yìn fà sẹ́yìn díẹ̀.

“Ẹ rọra fún un. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ta ló mọ̀? Kò kúkú dùn mí.”

Tépù bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

Kò ti ṣọ́ọ̀bù dáadáa tó fi fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn. Ó fi í sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Adùn-ún-gbọ́ dópin.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ọmọ yìí wò. Àmọ́ ẹ má sọ ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fún un.”

“Èmi ò lè sọ ọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Àṣírí aláìsàn ni, ikú ò sì tú u sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ẹbí lọ̀rọ̀ ọ̀hún kù sí lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ẹnìkan nínú ẹbí wọn ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí? Kí ló máa dáhùn?”

Aránṣọ wo ilẹ̀. “Á ní májèlé ló pa ẹ̀gbọ́n òun.”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.”

“Ó bẹ̀ mí ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wo àyà òun bó bá ń kọrin.”

“Kò ní kọrin mọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́. “Kò sẹ́ni tó máa wò ó mọ́. Ta lẹ wá ń bá pa á mọ́?”

Aránṣọ fi etí aṣọ nu imú. “Ṣé torí pé èèyàn gbajúmọ̀, gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó pa á?”

“Rárá o! Ohùn ẹ̀ ló tà fún wọn, kò ta ara ẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ kó lè rí nǹkan sọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ ọmọ tó wà níta yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n sì ń jù lókùúta nítorí ikú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ ńkọ́? Gbólóhùn kan látẹnu yín ló máa gbà á.”

Aránṣọ jáde. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àbíkẹ́yìn ń wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló ń sọ.

“Ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì ń rán aṣọ lé e lórí?”

Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Mo fọ́ fèrèsé ọmọlọ́mọ.” Ẹkún tó sun lórí bẹ́ǹṣì yẹn, fún òkú ni, fún ara rẹ̀ ni, fún fèrèsé náà sì ni.

Àbúrò bàbá wọn kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ bá a pé kí ẹbí sọ òtítọ́ síta. “Mo ti sọ fún yín. Ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin ilé wa?”

“Bàbá,” ni Aránṣọ wí, “òkú ò ṣeé fẹ́. Ẹ wo èyí tó kù yìí, kókó wà lọ́mú òun náà.”

Bàbá wo Àbíkẹ́yìn títí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú.

Òun fúnra rẹ̀ ló dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ka ọ̀rọ̀ náà fún àwọn oníròyìn. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ọmọ wa. Ẹnikẹ́ni kò fún un ní májèlé. Ẹ fi elégbè rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù, ti ẹbí ni. Ó mọ bẹ́ẹ̀, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbíkẹ́yìn lọ bẹ elégbè náà. Ó bá a tó ń gbá àfọ́kù gíláàsì. “Ọ̀fun ẹ̀ ló gbẹ,” ni obìnrin náà wí láì dá ìgbálẹ̀ dúró. “Ìdí tí mo fi fún un lómi nìyẹn.” Ó gba ẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò wá síbi ìsìnkú. Orin tí Adùn-ún-gbọ́ fẹ́ràn jù, wọ́n kọ ọ́ láìsí ẹni tó mọ ègbè rẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni ti Àbíkẹ́yìn pẹ̀lú, àmọ́ kò tíì kúrò lójú kan. Wọ́n ti gé kókó náà kúrò, oògùn sì ń lọ. Irun rẹ̀ ti re. Dókítà kò ṣèlérí. Ó kàn ní ó dára pé wọ́n tètè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Bí gbajúmọ̀ bá kú, ẹ má ṣe dá ikú sílẹ̀ fún un. Ẹ má tan ohun tí ẹ kò mọ̀ kálẹ̀: ẹnu yín lè fọ́ fèrèsé aláìṣẹ̀. Ẹbí kò jẹ aráàlú ní gbèsè àlàyé, àmọ́ wọ́n jẹ ọmọ ìyá òkú, àti ọmọ rẹ̀, ní òtítọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé. Bí wọ́n bá sì ń fi ẹ̀sùn ikú náà kan ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́ síta.

Ẹ máa yẹ ọmú yín wò. Kókó, ìyípadà ìrísí, awọ tó ń súnkì, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú: bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Pé kò dunni kì í ṣe ẹ̀rí pé kò léwu.

Àwọn obìnrin ṣì ń wá rán Adùn-ún-gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ ń rán an fún wọn. Àmọ́ kò ní fi tépù kan àyà ẹnikẹ́ni kí ó tó bi í pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí n bò?”